Podcast fún àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: ṣé ó máa ń là wọ́n lẹ́nu lóòótọ́?

Olùkọ́Ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn àgbàlagbà ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Awakọ̀ wà níbẹ̀, olùtọ́jú arúgbó wà níbẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́mọ wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó jẹ́ ẹnjiníà kó tó kó kúrò nílùú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun tó ń rú mi lójú ni pé Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú orí wọn pọ̀ ju èyí tó ń jáde lẹ́nu wọn lọ. Ẹ fún wọn ní ìdánwò orí ìwé, wọ́n á yege. Ẹ ní kí ẹnì kan dìde kó sọ ohun tó ṣe lánàá, ilẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń wò.

Mo fẹ́ ká máa ṣe podcast, ìyẹn ètò ohùn tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi ti rédíò. Kì í ṣe pé kí wọ́n máa gbọ́ ti ẹlòmíì o, tiwọn ni. Kí wọ́n yan ọ̀rọ̀, kí wọ́n sọ ọ́, ká gbà á sílẹ̀, kí àwọn èèyàn sì gbọ́ ọ. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá lórí mi ní eré lásán ni, pé gírámà ni wọ́n tìtorí ẹ̀ wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, ṣé ó ń mú ìgboyà wá ní tòótọ́? Kí ló sì máa ń ba nǹkan jẹ́?

Ìdòwú_Ẹ̀rọ

Ó ń mú un wá. Ẹ má ra máìkì kankan ṣáá. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn tó.

Àṣàkẹ́_Olùkọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ó ń mú un wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe podcast gan-an ló ń ṣe é. Ohun tó ń ṣe é ni pé àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ tó bá ti bọ́ lẹ́nu ti bọ́ nìyẹn. Gbogbo ojú ń wo èèyàn, olùkọ́ dúró ń retí, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ti na ọwọ́ sókè. Níwájú fóònù, kò sẹ́ni tó ń wòran. Ó lè dákẹ́ kó ronú. Ó lè pa á rẹ́ kó tún un sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé ó ti tó báyìí. Àgbàlagbà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún níbi iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀, tó ń pàṣẹ nínú ilé rẹ̀, tó wá di ẹni tí kò lè parí gbólóhùn kan lójú ẹgbẹ́, iyì rẹ̀ ló ń dáàbò bò nígbà tó bá panu mọ́. Kì í ṣe òpè.

Ìbẹ̀rù yìí, àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n. Ní 1986, Elaine Horwitz àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tó ní gbólóhùn 33, lórí ìbẹ̀rù tó máa ń mú èèyàn nínú kíláàsì èdè àjèjì. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló dá lórí kéèyàn máa sọ̀rọ̀ lójú àwọn ẹlòmíì. Ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di èdè tó yé wọn, kí wọ́n sàmì sí èyí tó bá wọn mu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí sáà bá parí. Ìyẹn lẹ máa gbé lọ síwájú ọ̀gá yín. Irú wọn kì í gba "inú wọn ń dùn" ní ẹ̀rí.

Ẹ tún wo ohun tí Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kọ ní 1977 nípa bí èèyàn ṣe ń gbà pé òun lè ṣe nǹkan. Ọ̀nà 4 ló kà: ohun téèyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yọrí, rírí ẹni bí ara ẹni tó ṣe é, ọ̀rọ̀ ìwúrí, àti bí ara ṣe ń ṣe é nígbà tó ń ṣe nǹkan náà. Ó ní àkọ́kọ́ yẹn ló lágbára jù. Olùkọ́, ọ̀rọ̀ ìwúrí nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n ṣe: "ẹ káre, ẹ má bẹ̀rù." Fáìlì tó wà lórí fóònù èèyàn, tó lè tẹ̀ kó tún gbọ́ nígbàkígbà, ọ̀nà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìwúrí lè jẹ́ irọ́. Fáìlì kì í ṣe irọ́.

BabaGírámà

Ẹ má bínú sí mi o, mo máa sọ tèmi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì ti rí àwọn tó ń fi ìgboyà sọ ìsọkúsọ. Àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe máa ń di bárakú. Larry Selinker, onímọ̀ èdè, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1972. Ẹni tó ń sọ "he go" lójoojúmọ́, tí ẹ wá gbé e sórí podcast, tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, ìgbà wo ló máa wá sọ "he goes"? Ọ̀gá Olùkọ́ yìí kò jìnnà sí òótọ́.

Wúrà_ń_kọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà dá sí i. Bàbá, mo fọwọ́ ọ̀wọ̀ sọ ọ́: gírámà kọ́ ló ń dí wa lẹ́nu. Èmi mọ "he goes". Tí mo bá jókòó, mo lè kọ ọ́. Tí ẹnì kan bá wá dojú kọ mí báyìí, tó ń dúró de èsì, ohun tí mo mọ̀ á sá lọ.

Nígbà tí olùkọ́ wa bẹ̀rẹ̀ podcast, ó kọ́kọ́ ní ká sọ ìtàn ìgbésí ayé wa. Kò sẹ́ni tó fẹ́. Ìtàn ẹlòmíì kún fún ohun tí kò fẹ́ rántí. Ó wá yí i padà, ó ní kí kálukú ṣàlàyé iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi sọ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn tí kò lè dìde láti orí ibùsùn sórí àga, kí ẹ̀yìn ẹni tó ń gbé e má baà dun ún. Olùkọ́ wa ò mọ̀ ọ́n. Ó ń bi mí ní ìbéèrè tí òun gan-an fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀, kì í ṣe ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rántí pé Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ohun tó le jù fún mi ni gbígbọ́ ohùn ara mi. Ó burú létí mi. Ṣé bí mo ṣe ń dún létí àwọn èèyàn nìyẹn?

Ìdòwú_Ẹ̀rọ

@Wúrà_ń_kọ́, kò burú. Bó ṣe máa ń rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn, kódà fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Tí a bá ń sọ̀rọ̀, ohùn wa ń gba inú afẹ́fẹ́ wọ etí wa, ó sì tún ń gba inú egungun orí wa wọ ibẹ̀. Ti egungun yẹn ló ń mú kí ohùn wa ki létí ara wa. Máìkì kò lè gbọ́ ti egungun, ti afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbà. Ìdí nìyẹn tí ohùn inú fóònù fi ń dún tín-ín-rín létí ẹni tó ni ín, tí àwọn ẹlòmíì kò sì rí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀.

Olùkọ́, ẹ ṣàlàyé èyí fún wọn kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn rárá. Tí ẹ kò bá ṣàlàyé, wọ́n á rò pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ló dún bẹ́ẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba èdè abínibí wọn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n á rí i pé ohùn yẹn ṣàjèjì níbẹ̀ náà.

Wúrà_ń_kọ́

Háà! Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí.

Àṣàkẹ́_Olùkọ́

@BabaGírámà, Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ jáde. Ẹ̀rù àṣìṣe tó ń di bárakú tọ́. Ibi tí ìjà wa wà ni ìgbà tí ó yẹ ká ṣàtúnṣe. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí ẹ dá a dúró, ẹ ti dá a padà sínú kíláàsì. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Kó gbọ́ ara rẹ̀. Kó fi pẹ́ńsù kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ pé kò dára. Ó máa yà yín lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń gbá "he go" tiwọn mú láìsí pé ẹ sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹyọ kan kún un, ẹyọ kan péré, kó tún un gbà sílẹ̀. Èyí tí a máa gbé jáde ni ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ kò gbọ́ àṣìṣe yẹn, ẹni tó ń sọ ọ́ kò sì gba ẹgba.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ Merrill Swain, onímọ̀ nípa bí a ṣe ń kọ́ èdè, kún un. Ní Kánádà ló ti wo àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi Faransé kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbọ́ Faransé. Òye wọn dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ àti ìwé kíkọ wọn ṣì ń kù káàtó. Ohun tó sọ ní 1985 ni pé gbígbọ́ nìkan kò tó, pé ìgbà téèyàn bá ń gbìyànjú láti sọ ọ́ kó yéni ló tó máa ń rí ibi tí èdè rẹ̀ ti lu. Nítorí náà, Bàbá, podcast tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn kì í ṣe ọ̀tá gírámà. Òun ló ń mú kí wọ́n wá gírámà lọ.

BabaGírámà

Mo gbọ́ o. Ta ló máa yan "ẹyọ kan" yẹn? Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní àṣìṣe 20 ńkọ́?

Gbóhùngbóhùn

Èyí tó bá lè da ọ̀rọ̀ rú ni kẹ́ ẹ yàn, Bàbá. "He go" kì í da nǹkan kan rú, gbogbo èèyàn ló máa yé. Àmọ́ ẹni tí kò lè fi ìyàtọ̀ sí "fifteen" àti "fifty", aago ìpàdé lè ṣì í lọ́wọ́, iye egbòogi lè ṣì í lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọlù. Ohùn àjèjì lásán, ìyẹn bí èdè abínibí ṣe ń hàn nínú bí èèyàn ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè méjì, Murray Munro àti Tracey Derwing, fi hàn ní 1995 pé ohùn àjèjì lè hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ èèyàn, síbẹ̀ kí gbogbo ohun tó sọ yé àwọn tó ń gbọ́. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìdajì ìtìjú àwọn àgbàlagbà wa ló wá látinú rírò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Olùkọ́, ẹ béèrè ohun tó ń ba nǹkan jẹ́. Èmi á sọ ọ̀kan, mo sì máa tẹnu mọ́ ọn: kíka ìwé. Ẹ̀rù máa bà wọ́n, wọ́n á kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá kà á. Bí ẹ bá gbà, podcast yín á dún bí ẹni tó ń ka ìkéde. Ẹni tó kà á kò ní jèrè ìgboyà kankan, torí ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kà á ni, òun kò sọ ọ́. Tí ẹnì kan bá bi í ní ìbéèrè lójú pópó, kò sí ìwé lọ́wọ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún sórí ìwé pélébé, ẹyọ ọ̀rọ̀ o, kì í ṣe gbólóhùn. Lẹ́yìn náà, ọgbọ́n kan wà tí Paul Nation, onímọ̀ nípa ìkọ́ni lédè, máa ń dámọ̀ràn: kí èèyàn sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹnì kan fún ìṣẹ́jú 4, kó sọ ọ́ fún ẹlòmíì fún ìṣẹ́jú 3, kó tún sọ ọ́ fún ẹnì kẹta fún ìṣẹ́jú 2. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, àkókò ló ń dín kù. Nígbà tí wọ́n bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta, ahọ́n ti rọ̀, "ẹ̀ẹ̀ẹ̀n... ẹ̀ẹ̀ẹ̀n" ti dín kù. Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ fóònù. Ìgbàsílẹ̀ kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́, ìgbà kẹrin ni.

Ẹ má sì jẹ́ kó gùn. BBC Learning English tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní 6 Minute English. Bí àwọn onímọ̀ṣẹ́ bá fi ìṣẹ́jú 6 ṣe tiwọn, ìṣẹ́jú 2 tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Àṣàkẹ́_Olùkọ́

Mo fara mọ́ ọn, àyàfi ibì kan. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò là rárá, ẹ jẹ́ kó ka ìwé ní ìgbà àkọ́kọ́. Kó ṣáà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ gba ìdajì ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Gbóhùngbóhùn

Mo gbà, tó bá jẹ́ pé ẹ máa gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í gbà á.

Ẹ̀tọ́Ẹni

Ẹ̀yin olùkọ́, mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè, kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lórí àṣírí. Àgbàlagbà ni àwọn èèyàn yìí. Ẹlòmíì ń sá fún ọkọ tó ń lù ú. Ẹlòmíì ń dúró de ìwé ìgbélùú. Ohùn jẹ́ ohun tí a fi ń dá èèyàn mọ̀, bí ojú ṣe jẹ́. Ẹ kò mọ ẹni tó máa gbọ́ ọ.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: tí podcast bá ti jáde sí gbangba, àwọn ápù ìgbọ́ran á ti wà á sórí fóònù ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ lè pa á rẹ́ níbi tí ẹ gbé e sí, ẹ kò lè pa á rẹ́ lórí fóònù wọn. Nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ "ṣé ẹ gbà?" lásán béèrè níwájú gbogbo kíláàsì, níbi tí ojú á ti máa ti èèyàn láti sọ pé rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kálukú ní kọ̀rọ̀, ní èdè tó yé e dáadáa. Kó lè lo orúkọ mìíràn. Kó má dárúkọ ibi tó ń gbé, ilé ìwé ọmọ rẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kó sì ní ẹ̀tọ́ láti yí ọkàn padà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ayé gbọ́ òun, kí tirẹ̀ dúró sínú kíláàsì, kò sí ohun tó fi kéré sí ti àwọn yòókù.

Ìdòwú_Ẹ̀rọ

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìpele mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi ṣe é: fóìsì nóòtì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo tó yàn, lẹ́yìn náà sí ẹgbẹ́ kíláàsì lórí WhatsApp, lẹ́yìn náà síta fún àwọn tó bá fẹ́. Ẹlòmíì kò ní kọjá ìpele kejì, ó sì tó.

Ní ti ohùn: yàrá kékeré tó ní aṣọ fèrèsé, ibùsùn tàbí aṣọ tí wọ́n gbé kọ́ ló dára jù, aṣọ máa ń gbé ohùn mì. Yàrá kíláàsì tó ṣófo máa ń dún bí inú àgbá. Kí fóònù wà ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kí èémí má baà kọlù ú. Ẹ fi fóònù sí ipò tí ìpè kò fi ní wọlé. Audacity, ọ̀fẹ́ ni, láti 2000 ló ti wà, òun lẹ máa fi gé e lórí kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá fi ohùn náà pamọ́ bíi MP3 olóhùn kan (mono) ní 64 kbps, ìṣẹ́jú kan kò ju ìdajì mẹ́gábáìtì lọ, dáta àwọn tó ń gbọ́ kò ní tán.

Ohun kan tí mo máa ń ṣe: mo máa ń gé ìdákẹ́ gígùn kúrò. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, èyí tó bá gùn jù nìkan. Ẹni náà á wá gbọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ geere. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ìdákẹ́ nìkan ni mo mú kúrò.

BabaGírámà

Ẹ̀tàn nìyẹn.

Ìdòwú_Ẹ̀rọ

Ẹ̀tàn kọ́, Bàbá. Àwọn tó ń ṣètò rédíò ń gé ti àwọn àgbà olóṣèlú pàápàá.

Gbóhùngbóhùn

Ẹ gé e, ṣùgbọ́n ẹ fi èyí tí ẹ kò gé pamọ́. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí sáà bá parí, ẹ jẹ́ kí kálukú gbọ́ ìgbàsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, kó gbọ́ èyí tó kẹ́yìn tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń kọ́ èdè kì í mọ̀ pé àwọn ń tẹ̀ síwájú, torí lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bá ara wọn gbé. Mo ti rí ẹni tó jiyàn pé òun kọ́ ló wà nínú ìgbàsílẹ̀ àkọ́kọ́.

Wúrà_ń_kọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ìyìn "ẹ káre" láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tó mú mi fò sókè ni ìgbà tí ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí kíláàsì wa: ó ní ìyá òun kò lè dìde lórí ibùsùn, pé kí n jọ̀ọ́ sọ ibi tó yẹ kí òun gbé ẹsẹ̀ sí. Kò sọ̀rọ̀ kankan nípa Gẹ̀ẹ́sì mi. Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn gan-an, n kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Olùkọ́Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Ohun tí mo mú nínú rẹ̀ rèé. Ìwé ìbéèrè ìbẹ̀rù ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Màá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ egungun orí yẹn kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn. Iṣẹ́ tí kálukú mọ̀ ni kó sọ, ìṣẹ́jú 2, ìwé pélébé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún ẹni mẹ́ta. Àtúnṣe kan ṣoṣo, láàárín ìgbàsílẹ̀ méjèèjì. Màá bá kálukú sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ lórí ta ló lè gbọ́ ọ. Bàbá, màá fi "fifteen" àti "fifty" sọ́kàn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí n kò mọ ohun tí mo máa ṣe nípa rẹ̀. Obìnrin kan wà tó ti sọ fún mi pé òun kò ní gba ohùn òun sílẹ̀, ìbáà jẹ́ fún èmi nìkan. N kò fẹ́ fi ipá mú un, n kò sì fẹ́ kó jókòó lásán.

Àṣàkẹ́_Olùkọ́

Ẹ fi í ṣe olùbéèrè. Ẹ jẹ́ kó múra ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kúrú, èèyàn lè há a sórí, ojú gbogbo ayé kì í sì í wà lára ẹni tó ń béèrè. Ní àkọ́kọ́, kó kọ ọ́ fún ẹlòmíì láti bá a ka. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìdáhùn kan á wá tó máa fà á kó fẹ́ mọ̀ sí i, ìbéèrè tí kò sí lórí ìwé rẹ̀ á sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ lójú ẹgbẹ́. Ẹ kàn bi í lẹ́yìn kíláàsì bóyá kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ gé e kúrò.

Wúrà_ń_kọ́

Tó bá ní kẹ́ ẹ gé e, ẹ gé e o, Olùkọ́. Ẹ má ní ẹ gbàgbé.